Ọmọ Mẹ́sàn-án Ìyá Mele

Bí ẹ bá bi Olúkẹ́mi ní iye ọmọ tó bí, ẹ ò ní í gbọ́ iye. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé, "Ọmọ wà, Ọlọ́run ń kẹ́ wọn." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá wọn lóhùn ní báńkì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá wọn lóhùn nílé ìwé tó ti fi ọdún mọ́kànlélógún kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Nígbà tí àwọn tó ń pín nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dé àdúgbò Igbein ní Abẹ́òkúta, wọ́n ní kó ka àwọn ará ilé rẹ̀ kí àwọn lè mọ iye nẹ́ẹ̀tì tó tọ́ sí i. Ó ní Ọlọ́run mọ iye wọn. Nẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n fún un. Ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó dúpẹ́, ẹ̀fọn sì jẹ àwọn tó kù di ọdún kejì.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, gbogbo ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa nílẹ̀ Ẹ̀gbá ló mọ èyí, ọlọ́mọ náà kò sì gbọdọ̀ máa ka ti ara rẹ̀ síta bí ẹni ń ka adìẹ. Ìyá tó bí ìyá Olúkẹ́mi ló fi èyí sí i létí láti kékeré. Olúkẹ́mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ó ń kọrin nínú kúáyà, ó sì gbà pé ẹ̀jẹ̀ Jésù lágbára. Síbẹ̀, kò kà wọ́n. Ìdí mìíràn tún wà tí kò fi kà wọ́n, a óò dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́, ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá dénú, tó sì mọ máàpù kà. Dọkumẹ́ńtárì ni wọ́n ń gbà láti òkè òkun, ìyẹn fíìmù tí kì í ṣe eré, tó ń fi bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé ìlú wọn hàn. Wọ́n á fi ohùn Yorùbá sí i, wọ́n á gbé e fún tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó bọ́ sọ́wọ́ Olúkẹ́mi jẹ́ fíìmù méjìlá lórí àwọn orílẹ̀-èdè tó jẹ́ erékùṣù, ìtàn wọn àti ìṣe wọn. Òun ló ń túmọ̀, òun náà ló ń kà á sínú ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ náà bá a lára mu bí ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀n sí i lára kí wọ́n tó rán an. Obìnrin tó ti fi ṣọ́ọ̀kì ya òkun fún àwọn ọmọ tí kò rí òkun rí, òun náà wá ń rí òkun lójoojúmọ́. Ó rí erékùṣù tí wọ́n ti wa ilẹ̀ ibẹ̀ lọ fi ṣe ajílẹ̀ títí tí àárín rẹ̀ fi ku kìkì òkúta. Ó rí ibi tí wọ́n ti kó ènìyàn tipátipá wá gbin ìrèké, tí àwọn ọmọ ọmọ wọn wá ń ṣe ìjọba níbẹ̀ lónìí. Ó rí ilé aṣòfin kan tí kò tóbi ju gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ. Bó bá délé, á ní, "Bàbá Jẹ́dì, ẹ tiẹ̀ gbọ́ eléyìí," Olúṣẹ̀yẹ ọkọ rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, á sì pa rédíò láti gbọ́.

Fíìmù kẹrin ló dá wàhálà sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè kékeré kan ni, láàárín agbami òkun Pàsífíìkì, ilẹ̀ tó tín-ín-rín débi pé ẹni tó bá dúró láàárín rẹ̀ á máa gbọ́ ìró omi lọ́tùn-ún lósì. Òkun ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Arúgbó kan wà nínú fíìmù náà, Ìyá Mele, tó jókòó síwájú ilé rẹ̀, tó ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Ó ní ọmọ mẹ́sàn-án lòun bí. Ó ní òun ti sin mẹ́rin, ó sì dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Olúkẹ́mi gbọ́ ọ, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ṣé òun ni kí òun fi ẹnu ara òun sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé "mo ti sin ọmọ mẹ́rin"? Tolúlàṣẹ ọmọ rẹ̀ lóyún, oṣù rẹ̀ sì ti ń pé lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó mú bírò, ó fa ìlà lé gbogbo rẹ̀ lórí, ó sì kọ èyí tó yẹ ẹnu ọmọlúwàbí rọ́pò rẹ̀: "Ọlọ́run fi ọmọ kẹ́ mi. Àwọn kan ń bẹ láyé, àwọn kan ti lọ sinmi." Ó kà á, ó dùn. Ó dùn débi pé Sàlàhúdíìnì, ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní sítúdíò, pariwo pé, "Háà, mà! Ẹ̀yin lẹ ni Yorùbá!" Inú Olúkẹ́mi dùn délé lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, lọ́sàn-án Ọjọ́rú, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Adéṣọlá, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà. "Ẹ kú ọ̀sán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá lọ́la dandan. Ọ̀rọ̀ fíìmù kẹrin ni." Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Olúkẹ́mi pè é, kò gbé e. Ó tún un pè, kò gbé e. Ẹ̀bà tó wà níwájú rẹ̀ kò lọ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ara rẹ̀ wò: bóyá òun ṣi orúkọ olú ìlú kan pè, bóyá ikọ́ tí òun wú lójú ìwé kẹfà ni wọ́n gbọ́. Ọ̀rọ̀ Ìyá Mele kò tiẹ̀ sí lára ohun tó rò, torí ibẹ̀ gan-an ló rò pé òun ti ṣe dáadáa jù.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Tolúlàṣẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fi ọwọ́ kan ti ìdí. Ìbàdàn lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ó wá sílé kó lè bímọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀."

"Díẹ̀ bíi ti báwo?"

"Díẹ̀ ni mo ní, Màámi. Ẹ máa lọ jàre, Bàámi wà níbí."

Olúkẹ́mi dúró, ó jókòó, ó tún dìde. Nígbà tí Ayọ̀dèjì fọn fèrè mọ́tò níta lẹ́ẹ̀mejì, ó jáde. Ayọ̀dèjì jẹ́ aládùúgbò wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Ìkẹjà, tó sì máa ń gbé wọn lọ láràárọ̀, èrò mẹ́rin. Gbogbo wọn ló mọ ìṣe Olúkẹ́mi. Bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ oríta Wásinmi, ìyá náà á di ojú, kò ní í là á títí wọ́n á fi kọjá Ìtòrí. Wọ́n gbà pé àdúrà ló ń gbà fún gbogbo ọkọ̀. Ayọ̀dèjì tiẹ̀ máa ń dín rédíò kù fún un.

Kì í ṣe àdúrà. A ti dé ibi ìdí mìíràn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn Jedidiah àti Tolúlàṣẹ, Olúkẹ́mi bí ọmọ obìnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní Fìyìnfólúwa. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ibà kì í mọ́lẹ̀. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ìyá àti bàbá kì í sin ọmọ, a kì í sì í fi ibi tí a sin ín sí hàn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n Olúṣẹ̀yẹ ló gbé e lọ sóko bàbá wọn ní Wásinmi, kò sì sọ ojú ibi tó wà títí òun náà fi lọ. Wọ́n kó aṣọ ọmọ náà jáde nílé, wọ́n kó bàtà rẹ̀, wọ́n yọ àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri. Wọ́n ní kí Olúkẹ́mi má sunkún jù. Ọdún mẹ́rìnlá nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ ọmọ náà nínú ilé yẹn mọ́. Wọn ò gbàgbé o. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Olúkẹ́mi dé Ìkẹjà. Adéṣọlá kéré sí i ní ogún ọdún, nítorí náà ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i kó tó dá a lẹ́jọ́.

"Ẹ kú ìrìn mà. Ẹ má bínú mà. Níbo ni àwọn ọmọ Ìyá Mele wà?"

"Àwọn ọmọ wo?"

"Mẹ́sàn-án tó bí. Mẹ́rin tó sin. Wọn ò sí nínú Yorùbá yín."

Olúkẹ́mi mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìyẹn náà ni? O já mi láyà lásán. Ṣọlá, ìwọ náà mọ̀ pé a kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀ mà. Ẹ gba ìwé yìí, ẹ kà á."

Lẹ́tà ni, ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe fíìmù náà ló ti wá. Wọ́n ní Ìyá Mele kò gbà kí wọ́n wọ àgbàlá òun pẹ̀lú kámẹ́rà títí wọ́n fi ṣèlérí ohun kan fún un: èdè yòówù kí wọ́n fi sọ ìtàn òun, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ iye ọmọ òun, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọn tí òun sin. Ibi ìsìnkú tí wọ́n wà, òkun ti gbé e lọ. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí, omi wọ̀ ọ́, ó jẹrà. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń kàwé lọ́dọ̀ wọn ló bá wọn gbọ́ ohùn Yorùbá náà, òun ló sọ pé kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀. Bí wọn kò bá tún un ṣe kí iṣẹ́ tó parí lọ́la, wọ́n á gba fíìmù méjèèjìlá kúrò lọ́wọ́ wọn.

"Mo ti gbìyànjú láti fi ẹlòmíràn rọ́pò yín níbẹ̀," ni Adéṣọlá wí. "Mo ní kí Lois akọ̀wé wa kà á. Lois ní òun ò tíì lọ́kọ, kí n má fi ẹnu òun di ọ̀nà òun. Ìyá tó ń se oúnjẹ fún wa ní bí òun bá sọ irú ẹ̀ níbí, ọkọ òun á gbọ́ ọ ní Àgbádó. Èmi fúnra mi dúró síwájú ẹ̀rọ láàná. Mo ní 'Mo bí,' mo sá jáde."

"Èmi ì bá kà á," ni Sàlàhúdíìnì wí láti ẹ̀yìn, "ó kàn jẹ́ pé ohùn mi kì í ṣe ti obìnrin." Ọkùnrin a máa láyà gan-an bí ọ̀rọ̀ kò bá kàn án.

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn tí fóònù Olúkẹ́mi dún. Olúṣẹ̀yẹ ni. Ó ní ẹ̀yìn tó ń dun Tolúlàṣẹ ti le sí i, òun sì ti ń gbé e lọ sí ọsibítù, kó má ṣe dààmú. Ẹni tí wọ́n bá ní kó má dààmú, ìdààmú ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́ yẹn. Olúkẹ́mi dìde, ó mú báàgì rẹ̀.

"Ṣọlá, jẹ́ kí n máa lọ. Ọmọ mi ń rọbí. Mo máa kà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọ̀la ni mà. Mi ò lè fi dandan mú yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ báyìí, iṣẹ́ ti parí fún gbogbo wa."

Ẹ̀rù ba Olúkẹ́mi, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó rò ó pé bóyá Sátánì ló gbé méjèèjì pàdé lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n sì ní kí òun jókòó ní Ìkẹjà kí òun máa ka òkú ọmọ. Ó tún ro àwọn fíìmù mẹ́jọ tó kù, ó ro Lois àti Sàlàhúdíìnì àti ìyá tó ń se oúnjẹ. Ó sì ro arúgbó tó jókòó síwájú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì dùn ún tó bó ṣe yẹ.

Sàlàhúdíìnì ló gbé ọgbọ́n kan wá. "Mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ò ní í sọ ọ́ rárá. Ẹ sọ 'mo' fún mi lọ́tọ̀. Ẹ sọ 'ti' lọ́tọ̀. Ẹ sọ 'sin' kí ẹ sì máa ro nǹkan mìíràn. Ẹ wá sọ 'mẹ́rin' bí ẹni ń ra ọsàn. Èmi ni màá lẹ̀ wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ló sọ ọ́ nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọlọ́run ọba á rí i pé kò ti ẹnu yín jáde."

Adéṣọlá pàtẹ́wọ́. Ojú Olúkẹ́mi mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ó ju fóònù rẹ̀ sínú agbọ̀n tó wà lẹ́nu ọ̀nà sítúdíò, torí wọn kì í mú fóònù wọlé, ó sì lọ jókòó sínú yàrá kékeré tí kì í gba ariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Lẹ́yìn ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á tún ṣe "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" lábẹ́lẹ̀, Sàlàhúdíìnì á sì tún ní láti gé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" náà dànù. Wọ́n gé e tó ìgbà mẹ́rìnlélógún.

Nígbà tó lẹ̀ wọ́n pọ̀ tán, ó gbé fíìmù náà sójú amóhùnmáwòrán kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe bá ẹnu arúgbó náà mu.

"Mo. Ti. Sin. Mẹ́rin."

Ohùn Olúkẹ́mi ni, kò sì sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ó dà bí ohùn obìnrin tó máa ń sọ lórí fóònù pé ẹni tí ẹ ń pè kò sí ní àrọ́wọ́tó. Ohùn náà sáré sọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dákẹ́, àwòrán sì ṣì ń lọ. Olúkẹ́mi wá rí ohun tí kò kíyè sí nígbà àkọ́kọ́. Bí Ìyá Mele ṣe ń dárúkọ, ìka ọwọ́ rẹ̀ ló ń ká kò, ìka kan sí ọmọ kan, kì í sì í yára ká a. Á dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kà wọ́n tán, ó la àtẹ́lẹwọ́ náà, ó wo inú rẹ̀, bí ẹni ń wò ó bóyá nǹkan ṣì kù níbẹ̀.

Ojú ti Olúkẹ́mi gidigidi. Obìnrin yìí ń bẹ gbogbo ayé pé kí wọ́n bá òun ka ọmọ òun, òun Olúkẹ́mi sì lé àwọn ọmọ náà jáde kí ọ̀rọ̀ òun lè dùn létí. Ó rántí ògiri pálọ̀ rẹ̀ ní Igbein, níbi tí ìṣó kan ṣì wà tí kò gbé nǹkan kan dání. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń gbálẹ̀ lábẹ́ ìṣó yẹn, kò yọ ọ́, kò sì fi nǹkan kọ́ ọ.

"Sàlàhúdíìnì, pa á rẹ́."

"Èwo nínú ẹ̀ mà?"

"Gbogbo ẹ̀. Máa gba ohùn sílẹ̀. Mo fẹ́ kà á."

Ìwé tí Olúkẹ́mi dì mú ń dún. Lọ́jọ́ mìíràn, Sàlàhúdíìnì ì bá ní kó dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tẹ ẹ̀rọ, ó ń gba ohùn lọ.

"Mele lorúkọ mi," ni Olúkẹ́mi kà. "Ọmọ mẹ́sàn-án ni mo bí. Mo ti sin mẹ́rin. Ioane. Sina. Tavita. Lupe. Òkun ti gbé ibi tí mo sin wọ́n sí lọ. Márùn-ún yòókù ń bẹ lókè òkun, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá kú, kò ní í sí ẹni tó mọ̀ pé mẹ́sàn-án ni wọ́n."

Kò sọ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Nígbà tó kà á tán, ó rí i pé òun náà ti ń ká ìka kò lórí orúnkún òun. Ó wò wọ́n. Orúkọ mẹ́rin ló dá, ìka márùn-ún ló ká kò.

Adéṣọlá ń nu ojú. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó dùn.

Ó jáde, ó mú fóònù nínú agbọ̀n. Olúṣẹ̀yẹ ti pè é nígbà méje. Ó pè é padà, kò lọ. Ó pe Tolúlàṣẹ, wọ́n ti pa fóònù náà. Ó pe ọkọ Tolúlàṣẹ, ó ń dún, kò gbé e. Ó ń wí fún ara rẹ̀ pé, "Mo ti sọ ọ́. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́." Kò dúró de Ayọ̀dèjì títí di ìrọ̀lẹ́. Ó wọ ọkọ̀ dé Sángò, ó wọ ti Abẹ́òkúta níbẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì ń tẹ nọ́ńbà kan náà láti Ìfọ̀ títí dé Pápáláńtò.

Ìtòrí ni ìpè náà ti wọlé.

"Bàbá Jẹ́dì! Báwo ni?"

"Kẹ́mi," ni Olúṣẹ̀yẹ wí. Ariwo wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ibo lo dé? Ó dáa. Ṣe jẹ́jẹ́ máa bọ̀." Fóònù sì gé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ mọ ohun tí "ṣe jẹ́jẹ́ máa bọ̀" túmọ̀ sí láàárín wa. A kì í túfọ̀ lórí fóònù. Ohun tí a máa ń sọ fún ẹni tí ilé ti dàrú mọ́ lórí ni pé kó ṣe jẹ́jẹ́ máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Olúṣẹ̀yẹ sọ fún un lọ́dún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, nígbà tó wà ní kíláàsì tó ń fi ṣọ́ọ̀kì ya odò Ògùn sójú pátákó. Obìnrin tó jókòó tì í bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Olúkẹ́mi ṣí fèrèsé.

Ọkọ̀ ń sún mọ́ oríta Wásinmi, Olúkẹ́mi sì fẹ́ di ojú bó ti máa ń dì í. Kò dì í. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé bó bá jẹ́ pé ó ti ṣẹlẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀, òun kò ní í tún di ojú mọ́ ọmọ kankan. Ó wo ibẹ̀. Pátákó ṣọ́ọ̀ṣì kan wà níbẹ̀, ọlọ́kadà méjì ń jiyàn, ẹnì kan ń sun àgbàdo. Ọ̀nà pupa kan yà wọ inú oko lọ. Kò mọ bó ṣe jìn tó. Ó wò ó títí ọkọ̀ fi kọjá, ó yíjú padà, ó ṣì ń wò ó.

Olúṣẹ̀yẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ní ọsibítù, ó fi bàtà sílìpáàsì méjì tí kò bára mu sẹ́sẹ̀. Nígbà tó rí ìyàwó rẹ̀, ó la ẹnu, eyín rẹ̀ hàn gbogbo.

"Obìnrin ni, Kẹ́mi! Tìyá tọmọ, àlàáfíà ni."

Olúkẹ́mi fi báàgì lu ọkọ rẹ̀ léjìká. "Kí ló dé tí ẹ ní kí n ṣe jẹ́jẹ́ máa bọ̀?"

"Ọ̀nà Èkó ni mo ń rò! Mo fẹ́ sọ ìyókù, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì gé e."

Ó bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń lù ú. Tolúlàṣẹ gbọ́ ohùn wọn, ó pè wọ́n wọlé. Ọmọ náà wà ní àyà rẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì kò bí ẹni ń bínú. Olúkẹ́mi tẹ̀ ba, ó gbóòórùn rẹ̀, ó kí i káàbọ̀ sílé ayé.

Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú káàdì àti bírò. "Ẹ kú oríire, Ìyá Àgbà. Mo ń kọ ìtàn ìlera ìdílé sínú káàdì ọmọ. Ọmọ mélòó lẹ bí mà? Ṣé a rí èyí tó kú ní kékeré nínú wọn?"

Tolúlàṣẹ gbé ojú kúrò lára ọmọ rẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ sáré bọ́ sáàárín, bó ti máa ń ṣe. "Ọmọ wà, nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run ń kẹ́ wọn."

"Mẹ́ta," ni Olúkẹ́mi wí.

Nọ́ọ̀sì gbé bírò lé káàdì.

"Mẹ́ta ni mo bí. Jedidiah, Tolúlàṣẹ, Fìyìnfólúwa. Fìyìnfólúwa ti kú. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ibà ló ṣe é. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Kò bojú wo ọkọ rẹ̀. Ó ń bẹ̀rù ohun tó máa rí. Nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́, Tolúlàṣẹ sì ti na ọwọ́ láti orí ibùsùn, ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

"Ìdajì ọdún ló kù kó pé ọdún méje," ni Olúṣẹ̀yẹ wí, kò sì sẹ́ni tó bi í. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Àwòrán rẹ̀ wà nínú àpótí mi, lábẹ́ àwọn ìwé ìfẹ̀yìntì."